Bí A Ṣe Ń Fi Alùpùpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Gbéra Lórí Iyanrìn Láìwalẹ̀

Ọ̀pọ̀ pápá ìdíje orí iyanrìn ní Amẹ́ríkà ló ń lo ẹsẹ̀ bàtà 300, nǹkan bíi mítà 91, láti ojú ìlà ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀nà yẹn kúrú. Ẹni tí ẹ́ńjìn rẹ̀ fi díẹ̀ lágbára ju ti ẹnìkejì lọ kì í rí àyè tó láti fi lé ẹni tó ti ta á yọ ní mítà mẹ́wàá àkọ́kọ́ bá. Ìdí nìyí tí àwọn tó ti pẹ́ nínú eré yìí fi ń sọ̀rọ̀ ìgbéra ju bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìn lọ. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló máa ń kó gbogbo owó wọn lé pípù èéfín àti kàbúrétọ̀. Tí wọ́n bá wá dé ojú ìlà, wọ́n á tẹná, táyà á gbẹ́ kòtò, ẹ̀rọ á jókòó sínú rẹ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn á sì ti lọ.

Alùpùpù tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n ṣe fún ìgbẹ́ àti iyanrìn, tí táyà rẹ̀ tóbi tí atẹ́gùn inú rẹ̀ sì kéré. Honda ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ pẹ̀lú US90 ní 1970, èyí tó padà ń jẹ́ ATC90. Àwọn tí orúkọ wọn ṣì ń dún lórí iyanrìn ni ATC250R ti Honda tó jáde ní 1981, Tecate ti Kawasaki àti Tri-Z ti Yamaha, tí gbogbo wọn jẹ́ two-stroke (ẹ́ńjìn tí písítìn rẹ̀ ń parí iṣẹ́ kan ní ìrìn méjì), nǹkan bíi cc 250. ATC350X wà níbẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ four-stroke, tí tirẹ̀ jẹ́ ìrìn mẹ́rin. Ní 1988 ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn pé àwọn ò ní tà á ní tuntun mọ́ níbẹ̀, nítorí ìjàǹbá tó ti pọ̀ jù. Ẹ̀rọ tí ẹ bá rí rà lónìí ti dàgbà nìyẹn. Kí ẹ tó kọ́ bí a ṣe ń gbéra, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣì ń di nǹkan mú.

Ohun tí ẹsẹ̀ mẹ́ta fi yàtọ̀

Táyà kan ló wà níwájú. Méjì tó wà lẹ́yìn, ọ̀pá kan gbọọrọ ló so wọ́n pọ̀, kò sí dífírẹ́ńṣíà láàárín wọn, nítorí náà bí ọ̀kan bá ṣe yí ni èkejì ń yí. Bí agbára bá dé, ìwúwo gbogbo ẹ̀rọ á sún sẹ́yìn, táyà iwájú á fúyẹ́ tàbí kí ó kúrò nílẹ̀ pátápátá. Láti ìgbà náà lọ, àwọn táyà ẹ̀yìn àti ara ẹni tó gùn ún ni wọ́n ń pinnu ibi tí ẹ̀rọ ń lọ. Ẹni tó bá ń yí ọwọ́ alùpùpù nígbà tí imú rẹ̀ wà lókè, atẹ́gùn ló ń darí. Èyí tó tún burú ni pé bí táyà iwájú bá padà bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì wọ́, ẹ̀rọ á já sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun kejì ni ẹsẹ̀ ẹni tó gùn ún. Ẹni tó bá ti gun alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ méjì rí ti mọ́ ọn lára láti gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀rọ bá dúró tàbí bí ó bá fẹ́ ṣubú. Lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, táyà ẹ̀yìn wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ yín gan-an. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ tí ẹ̀rọ sì ń lọ, táyà á gun gìgísẹ̀, á fa ẹsẹ̀ náà sábẹ́, ẹ ó sì tẹ̀ lé e. Irú ìpalára yìí wọ́pọ̀ púpọ̀ lórí ẹ̀rọ wọ̀nyí, táyà tí wọ́n ń lò lórí iyanrìn sì ń mú un burú sí i. Ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ibi ìtẹ̀sẹ̀ láti ojú ìlà títí ẹ̀rọ yóò fi dúró pátápátá. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, kò nílò tiyín láti dúró.

Ìpalẹ̀mọ́ ẹ̀rọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara táyà. Lórí iyanrìn tó jìn, táyà alájẹ̀ ni ẹ ó fi sẹ́yìn, èyí tó ní àwọn rọ́bà gbọọrọ tó dúró ní ìbú lára rẹ̀ tí ó ń wa iyanrìn sẹ́yìn bí àjẹ̀ ṣe ń wa omi. Ó lè jẹ́ àjẹ̀ mẹ́fà, mẹ́jọ, mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára táyà kan. Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó, tí wọ́n sì ga tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ẹ́ńjìn nílò láti yí wọn ṣe ń pọ̀ tó. Bí ẹ bá kó àjẹ̀ gíga mẹ́wàá fún ẹ́ńjìn kékeré, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀, kò sì ní dé ibi tí agbára rẹ̀ wà láéláé. Àwọn eléré kan máa ń gé orí àjẹ̀ wọn kúrú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá ẹ́ńjìn wọn mu. Ọgbọ́n tó dára ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí rọ́bà tí a bá ti gé kò ṣeé lẹ̀ padà.

Ẹ wo ojú tí ẹ fi kọ táyà náà. Nígbà tí àjẹ̀ kan bá wà nísàlẹ̀, ẹ̀yìn ni kí ojú rẹ̀ tó jinnú kọ sí. Ó ń yà mí lẹ́nu bí mo ṣe ń rí táyà tí wọ́n kọ sódì tó, tí ẹni tó ni ín sì ń bú kàbúrétọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fún méjèèjì ní atẹ́gùn, kí ẹ fi téèpù wọn àyíká wọn. Nítorí ọ̀pá kan ló so wọ́n pọ̀, èyí tó tóbi jù ń fẹ́ rìn jìnnà ju èkejì lọ nínú yíyí kan náà, ẹ̀rọ á sì máa fà sí apá èyí tó kéré. Ẹ lè fi atẹ́gùn tún ìyàtọ̀ díẹ̀ ṣe. Atẹ́gùn táyà wọ̀nyí kéré gan-an, ó sábà máa ń wà láàárín psi 2 sí 6, nítorí náà ẹ nílò gééjì tó ń ka nọ́ńbà kékeré. Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ò lè fi ìyàtọ̀ yẹn hàn yín. Bí atẹ́gùn bá kéré jù, ríìmù á yí nínú táyà nígbà tí ẹ bá gbéra. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan kọjá láti ara ríìmù sí ara táyà. Bí ìlà náà bá já sí méjì lẹ́yìn ìgbéra, ẹ fi atẹ́gùn kún un.

Táyà iwájú tó dán, tó ní ìlà rọ́bà kan láàárín, ni ó dára jù. Èyí tó ní eyín ńláńlá ń fa iyanrìn ni, kò ràn yín lọ́wọ́.

Ṣéènì: kí ẹnìkan jókòó sórí ẹ̀rọ kí ẹ tó wọn bó ṣe rọ̀ tó. Fílítà atẹ́gùn: kí ó ní òróró, kí ó sì ní aṣọ lórí. Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì: kí ó ní ìrìn díẹ̀ tí kò ṣe nǹkankan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà. Súwíìṣì tó ń pa ẹ́ńjìn: ẹ lo irú èyí tó ní okùn, kí okùn náà wà lọ́rùn ọwọ́ yín, kí ẹ́ńjìn lè kú fúnra rẹ̀ bí ẹ bá já bọ́. Alájẹ̀ tó ń yí láìsí ẹni lórí ẹ̀rọ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ rí. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì, gọ́gù, ìbọ̀wọ́, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ dáadáa, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ohun ìdáàbòbò àyà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Bí imú ẹ̀rọ yín bá ń fò púpọ̀, àwọn eléré máa ń fi apá ẹ̀yìn (irin tó di ọ̀pá táyà ẹ̀yìn mú) tó gùn ju ti àtilẹ̀wá lọ rọ́pò, kí táyà lè sún sẹ́yìn. Àwọn mìíràn ń rẹ ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn sípírìngì tó ń gba ìfò ẹ̀rọ, sílẹ̀. Méjèèjì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ara yín kọ́ ọ. Ẹni tó fi irin tún àṣìṣe ọwọ́ ṣe kì í mọ̀ pé àṣìṣe náà ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ ka iyanrìn kí ẹ tó dé ojú ìlà

Iyanrìn tó lọ́rinrin díẹ̀ máa ń di ara mú, àjẹ̀ á sì rí nǹkan tì. Èyí tó gbẹ ń ṣàn bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, táyà á sì gbẹ́ ẹ kíákíá. Pápá kan náà lè wà ní ipò méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo: ìrì òwúrọ̀ á mú kí ó le, oòrùn ọ̀sán á sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú. Ìgbéra tó gbé yín lọ láàárọ̀ lè rì yín lọ́sàn-án láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́ lára ẹ̀rọ. Ẹ bọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi ìdí bàtà gún un. Bí bàtà bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà tí etí ihò náà sì wó, ó ti gbẹ nìyẹn. Bí ihò náà bá dúró pẹ̀lú ojú bàtà yín nínú rẹ̀, ó ń di nǹkan mú.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju èyí lọ ni kòtò tí àwọn tó ti gbéra ṣáájú gbẹ́ sílẹ̀. Táyà tó bá bẹ̀rẹ̀ láti inú kòtò gbọ́dọ̀ gun òkè kékeré kan kí ó tó lọ, òkè yẹn ló sì ń gbé imú ẹ̀rọ sókè tàbí pa ohùn ẹ́ńjìn. Bí àwọn òṣìṣẹ́ pápá bá ń tẹ́ ojú ìlà, ẹ dúró kí wọ́n parí. Bí wọn ò bá tẹ́ ẹ, ẹ wá ibi tó tẹ́jú láàárín ọ̀nà yín, kódà bí kò bá tiẹ̀ sí ní àárín gẹ́lẹ́. Ẹ wò ó pé táyà ẹ̀yìn méjèèjì wà lórí ilẹ̀ kan náà. Ọ̀kan nínú kòtò, ọ̀kan lórí òkìtì, ẹ̀rọ á yí síbì kan kí ẹ tó rìn mítà mẹ́ta.

Ẹ má sì yí táyà níbi tí ẹ ó ti gbéra. Àwọn tó ń sáré lórí ọ̀dà ń yí táyà wọn kí ó lè gbóná kí ó sì lẹ̀ mọ́lẹ̀. Iyanrìn kì í ṣe ọ̀dà, kòtò nìkan ni ẹ ó fi gbẹ́ fún ara yín.

Dídúró sójú ìlà

Ẹ wọ ojú ìlà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí òfin pápá bá gbà á, kí olùrànlọ́wọ́ yín ti ẹ̀rọ síwá-sẹ́yìn níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí iyanrìn tó wà lábẹ́ táyà lè kì mọ́lẹ̀. Àwọn kan tún máa ń rí i dájú pé àjẹ̀ apá òsì àti ti apá ọ̀tún wà ní ìbámu, kí méjèèjì lè kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí wọ́n ń kọ ríìmù mọ́ ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn. Lójú ìlà, ohun tó kù ni kí àjẹ̀ kan ti rì sínú iyanrìn kí àtùpà tó tàn. Bí táyà bá jókòó sáàárín àjẹ̀ méjì, ó ní láti yí díẹ̀ ní òfo kí ó tó di nǹkan mú, òfo yẹn ló sì ń di kòtò.

Ẹ wo táyà iwájú: kí ó tọ́ gẹ́lẹ́. Bí ó bá tẹ̀ díẹ̀ nísinsìnyí, ẹ ó rí èrè rẹ̀ nígbà tó bá padà bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn mítà mẹ́wàá.

Nípa ara yín: ẹ sún ìdí síwájú lórí ìjókòó títí ẹ ó fi súnmọ́ táńkì, kí ẹ tẹ àyà sílẹ̀ sórí ọwọ́ alùpùpù, kí ìgúnpá méjèèjì ga kí wọ́n sì là. Orúnkún ni kí ẹ fi di ẹ̀rọ mú. Ọwọ́ ò gbọdọ̀ fa ọwọ́ alùpùpù, torí ẹni tó bá fi ọwọ́ gbá ara rẹ̀ mú, bí ẹ̀rọ bá tú jáde, ara rẹ̀ á sún sẹ́yìn, àtàǹpàkò tó wà lórí iná á sì tẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ohun tó ń gbé imú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sókè nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ìgbà; wọ́n ń rò pé agbára ẹ̀rọ ló pọ̀ jù.

Ojú ń wo iwájú jìnnà. Ẹ mú àmì kan lókèèrè ní àárín ọ̀nà yín kí ẹ sì gbé ojú lé e. Àtùpà wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú, ẹ ó rí i.

Ọwọ́ òsì àti àtàǹpàkò ọ̀tún

Ibí yìí ni iṣẹ́ náà wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kánjú kọjá rẹ̀.

Jíà: lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ 250, jíà kejì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú. Jíà àkọ́kọ́ lágbára jù, ó sì ń parí kíákíá. Kí ẹ tó mọ̀, ó ti gbẹ́ kòtò, ẹ sì tún ti ń wá jíà mìíràn ní àkókò tí ẹ̀rọ kò tíì dúró ṣinṣin. Bí jíà kejì bá ń pa ohùn ẹ́ńjìn, ẹ yí iye eyín tó wà lára irin tí ṣéènì gùn kí ẹ tó padà sí jíà àkọ́kọ́.

Ohùn ẹ́ńjìn: two-stroke ní ibi kan tí ó ti ń jí. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, kò ní agbára kankan; bó bá dé ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń dé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbé ohùn rẹ̀ dúró sí ibi tí jíjí yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má gbé e sí òkè pátápátá. Ohùn náà gbọ́dọ̀ dúró sójú kan. Ẹni tó ń tẹná tó ń fi sílẹ̀, tó ń tẹná tó ń fi sílẹ̀ lójú ìlà, kò mọ ibi tí ẹ́ńjìn rẹ̀ yóò wà nígbà tí àtùpà bá tàn. Four-stroke ò fẹ́ ariwo tó bẹ́ẹ̀, torí agbára rẹ̀ ti ń bẹ láti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá gbé ohùn rẹ̀ sókè bíi ti two-stroke, ẹ ń gbẹ́lẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni.

Kílọ́ọ̀ṣì: ẹ fi ìka méjì mú ọwọ́ rẹ̀. Ẹ tú u díẹ̀ títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé ó ti fẹ́ mú. Àmì rẹ̀ ni pé ṣéènì á le, ìdí ẹ̀rọ á rẹlẹ̀ díẹ̀, kò sì ní tíì lọ. Bí ó bá fẹ́ máa yọ́ lọ, ẹ fi ìka kan tẹ bíréèkì iwájú. Ohun tí ẹ ń ṣe ni pé ẹ ń gba gbogbo òfo tó wà nínú ṣéènì àti jíà kúrò, kí agbára má bàa kọlu táyà bí ìgbà tí ènìyàn fi òòlù lù ú.

Nígbà tí àtùpà bá tàn, ọ̀nà méjì ni ọwọ́ òsì ń lọ. Ìdajì àkọ́kọ́ yára: láti ibi tí ó ti fẹ́ mú dé ibi tí ó mú. Ìdajì kejì falẹ̀, ó ń bá ẹ̀rọ rìn: bí ẹ̀rọ ṣe ń lọ ni ẹ ń tú u, tí ẹ ó fi tú u tán nígbà tí ẹ̀rọ bá ti rìn ìwọ̀n gígùn ara rẹ̀ kan sí méjì. Àtàǹpàkò ò yẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí, ohùn kan náà ni. Ìgbà tí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì bá ti tú tán ni ẹ ó tẹná dé òpin.

Ìdí tí a fi ń ṣe é báyìí ni pé iyanrìn nílò àkókò díẹ̀ kí ó tó kì lẹ́yìn àjẹ̀. Bí àjẹ̀ bá rọra bẹ̀rẹ̀, iyanrìn tó tì á kì, á sì di ògiri tí àjẹ̀ tó tẹ̀ lé e yóò tì. Bí ó bá yára jù, iyanrìn á fò sókè kí ó tó kì, àjẹ̀ tó tẹ̀ lé e á bá òfo, ẹ̀rọ á sì máa lọ sísàlẹ̀ dípò iwájú. Ẹni tó wà lójú pápá á rí òjò iyanrìn tó ga, á sì pariwo pé ẹ̀rọ yẹn lágbára. Òjò gíga lójú ìlà, agbára tó ṣòfò ni. Ìgbéra tó dára ń ju iyanrìn sẹ́yìn nílẹ̀ nílẹ̀ ni.

Bí iyanrìn bá lọ́rinrin, ìṣòro á yí padà. Àjẹ̀ á mú jù, imú á fò tàbí ohùn ẹ́ńjìn á kú. Ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀, kí ẹ sì fa ìdajì kejì ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì gùn sí i. Bí ó bá gbẹ, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, kí ẹ sì rọra.

Bí imú bá gbé, ẹ má tú iná sílẹ̀ lójijì. Bí ẹ bá tú u, alájẹ̀ á di bíréèkì fúnra rẹ̀, imú á já lulẹ̀, táyà iwájú á wọlẹ̀, ara yín á sì fẹ́ kọjá lórí ọwọ́ alùpùpù. Ẹ fi ìka kan fa kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀, imú á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, kí ẹ tún tú u. Nítorí èyí ni ìka méjì ò ṣe gbọdọ̀ kúrò lórí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì títí ẹ ó fi kọjá ìlàjì ọ̀nà. Bí ó bá ti gbé kọjá ibi tí kílọ́ọ̀ṣì lè gbà á, ẹ̀rọ fẹ́ yí dànù sẹ́yìn nìyẹn: ẹ tẹ bíréèkì ẹ̀yìn, kí ẹ gbàgbé eré náà.

Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké bí ATC110 ò ní ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì rárá. Bí ohùn ẹ́ńjìn bá ga ni kílọ́ọ̀ṣì wọn ń mú fúnra rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀pá jíà mọ́lẹ̀ kí kílọ́ọ̀ṣì lè tú, wọ́n á tẹná, wọ́n á wá fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ó ń gbé e jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yẹn ń ba inú jíà jẹ́, mi ò sì gbà á níyànjú. Fún irú wọn, ẹ gbẹ́kẹ̀lé táyà àti ìwúwo ara yín.

Àtùpà

Nínú ìdíje tó ń lo àtùpà, àtùpà kékeré méjì á kọ́kọ́ sọ fún yín pé táyà iwájú ti dé ibi tó yẹ. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà méjì ló wà. Nínú ọ̀kan, àtùpà mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè á tàn tẹ̀ léra wọn, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá láàárín wọn, kí aláwọ̀ ewéko, èyí tó ní kí ẹ lọ, tó tàn. Nínú èkejì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ewéko á sì tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn 0.4 ìṣẹ́jú-àáyá. Nínú méjèèjì, ẹni tó bá dúró de ewéko ti pẹ́. Ìyeyè tó kẹ́yìn ni kí ọwọ́ yín dáhùn sí, torí ó ń gba àkókò kí ọwọ́ tó tú, kí kílọ́ọ̀ṣì tó mú, kí táyà iwájú tó kúrò lójú ìlà. Bí ẹ bá ń rí pupa, ìyẹn ni pé ẹ ti kúrò kí ewéko tó tàn, ẹ má gbìyànjú láti fa ọwọ́ yín sẹ́yìn nínú orí. Ẹ dúró díẹ̀ sẹ́yìn lójú ìlà, kí táyà iwájú lè ní ìrìn díẹ̀ sí i kí ó tó kúrò níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ eré àyíká tí gbogbo èèyàn jọ ń gbéra, ìgbéra kan náà ni, àfi pé iyanrìn àwọn tó wà níwájú ń bọ̀ lójú yín. Ẹ yan ibi tí ilẹ̀ ti le, kódà bí ó bá jìnnà sí inú ìyípo àkọ́kọ́. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó yan inú ìyípo nítorí ó kúrú, tí wọ́n sì ń bá kòtò jà nígbà tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta ti ń yí kọ́nà.

Lẹ́yìn mítà mẹ́wàá

Ẹ yí jíà kíákíá, láìtú iná sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Iyanrìn ń dá ẹ̀rọ dúró ní gbogbo ìgbà, nítorí náà àkókò kúkúrú tí agbára bá fi wá sílẹ̀ ń gba eré lọ́wọ́ yín. Ẹ darí rẹ̀ pẹ̀lú ìdí àti ẹsẹ̀: bí ẹ̀rọ bá ń fà sí òsì, ẹ tẹ ìtẹ̀sẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀ kí ẹ sún ìdí síbẹ̀. Bí ó bá ti fẹ́ wọ ọ̀nà ẹnìkejì, ẹ fi eré náà sílẹ̀.

Lópin, ẹ tú iná díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sún ìdí sẹ́yìn. Iyanrìn fúnra rẹ̀ á dá yín dúró. Ẹ má fi agbára tẹ bíréèkì iwájú.

Ẹ padà lọ wo ojú ẹsẹ̀ yín

Ẹ rìn padà sí ojú ìlà kí ẹ wo ohun tí táyà kọ sílẹ̀. Mi ò mọ olùkọ́ tó dára jù èyí lọ, ọ̀fẹ́ sì ni.

Kòtò méjì tó jìn lójú ìlà, tí ojú ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé wọn sì fẹ́lẹ́: ohùn ẹ́ńjìn ga jù tàbí ọwọ́ òsì yára jù. Ẹ tún ọwọ́ ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun mìíràn. Bí kòtò kan bá jìn ju èkejì lọ, ẹ wọn atẹ́gùn àti àyíká táyà, kí ẹ sì bi ẹni tó ń wò yín bóyá ẹ fi ara tì síbì kan.

Kò sí kòtò rárá, àmì àjẹ̀ hàn kedere lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹ gbọ́ pé ohùn ẹ́ńjìn kú: táyà mú ju agbára ẹ́ńjìn lọ. Ohùn gíga sí i, tàbí àjẹ̀ tó kéré sí i.

Ẹ wá ojú ẹsẹ̀ táyà iwájú. Ibi tó bá ti pòórá ni imú ti gbé, ibi tó bá ti padà ni ó ti sọ̀ kalẹ̀. Mítà díẹ̀ tí ó fẹ́lẹ́ tàbí tí kò hàn dára. Ó fi hàn pé ìwúwo wà lórí táyà ẹ̀yìn. Bí ó bá pòórá fún ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà, ẹ ń gbé agbára lọ sókè. Bí ibi tó ti padà bá jẹ́ ihò tó jìn, ẹ ti tú iná sílẹ̀ lójijì, bí ẹ ò bá tiẹ̀ rántí pé ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá padà ní ẹ̀gbẹ́ sí ibi tó ti lọ, ọwọ́ alùpùpù wọ́ nígbà tó wà lókè.

Ẹ ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú fóònù, kí ẹ kọ ohun kan tí ẹ yí padà sábẹ́ rẹ̀. Ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó yí atẹ́gùn, jíà àti ohùn padà lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó ràn án lọ́wọ́.

Bí ẹ ṣe lè fi kọ́ra

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ọwọ́ òsì nìkan: ohùn kékeré, ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì títí ẹ̀rọ á fi rìn gígùn ara rẹ̀ méjì, kí ẹ dúró. Ẹ tún un ṣe títí kò fi ní sí kòtò kankan lábẹ́ táyà. Ẹ wá máa gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ojú ẹsẹ̀ yín bá ti jọ ara wọn ni ẹ ó tó lọ ọ̀nà tán. Ẹ wá àmì ìdúró fún ara yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: bí imú bá ti ga kọjá ojú yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sinmi.

Kílọ́ọ̀ṣì náà nílò ìsinmi. Ìgbéra léraléra ń mú àwọn àwo inú rẹ̀ gbóná, ibi tí ó ti ń mú á sì sún kúrò ní ibi tí ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ṣàkíyèsí pé ìrìn òfo ọwọ́ rẹ̀ ti yí padà, ẹ pa ẹ́ńjìn kí ó tútù. Ẹ má yí wáyà nígbà tó gbóná, torí ẹ ó tún ní láti yí i padà nígbà tó bá tutù. Bí òróró jíà bá ń rùn bí ohun tó jóná, tàbí bí ohùn ẹ́ńjìn bá ń ga láìjẹ́ pé ẹ̀rọ ń yára sí i nígbà tí ẹ ti tú kílọ́ọ̀ṣì tán, àwọn àwo náà ń yọ̀ nìyẹn. Ẹ tú u wò, kí ẹ pààrọ̀ àwo àti sípírìngì rẹ̀ bí wọ́n bá ti jẹ tán, kí ẹ sì da òróró tuntun sí i kí ẹ tó tún padà sójú ìlà.